Ilé Lẹ Ń Lọ, Àjò Ni Ọmọ Ń Lọ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà pọ̀ lọ́wọ́ wa lórí mímú ọmọbìnrin kékeré lọ sílé lọ kí ẹbí. Mẹ́fà la mú nínú wọn. Ohun kan ló so wọ́n pọ̀: òbí tó ti pẹ́ lókèèrè máa ń di ẹrù bí ẹni tó ń lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó fà lọ́wọ́ kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ilé ni fún òbí, àjò ni fún ọmọ. Orí èyí ni gbogbo ìdáhùn wa dá lé, láti orí ìwé títí dé orí oògùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 5, la fẹ́ lọ sílé. Iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí bàbá rẹ̀ bá wa lọ. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ọmọ ń jẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá tèmi ló ṣì wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi. Ṣé wọ́n lè dá wa dúró? — Ìyá ọlọ́mọ kan

Wọ́n lè dá yín dúró, Ìyá, kì í sì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín. Ara iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ni láti rí i pé ẹnikẹ́ni kò jí ọmọ gbé kọjá ẹnubodè, orúkọ tí kò bára mu sì wà lára ohun tí ojú wọn máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Nígbà mìíràn, ibi tí ẹ ti ń gbẹ̀rù fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gan-an ni wọ́n ti máa ń bèèrè, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ìmígíréṣọ̀n rárá.

Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ dání, èyí tó kọ orúkọ òbí méjèèjì. Àwọn ibì kan máa ń fúnni ní èyí kúkúrú tó kọ orúkọ ọmọ nìkan. Ìyẹn kò lè jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ bí i. Ẹ wá gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà ojú ìwé tó ní fọ́tò nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ tì í, kí wọ́n lè fi ìbuwọ́lùwé méjèèjì wéra.

Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ “mo gbà kí ìyàwó mi mú ọmọ lọ” lásán. Kó kọ orúkọ ọmọ ní kíkún, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Kó kọ orúkọ tiyín àti nọ́ńbà tiyín. Kó dárúkọ orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ, àdírẹ́sì ilé tí ẹ ó wọ̀ sí, ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí bàbá yóò gbé tí wọ́n bá pè é lóru. Kó buwọ́ lù ú níwájú nótárì tàbí lọ́yà tó láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, torí lẹ́tà tí kò lóǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Tí èdè lẹ́tà náà kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ń kà níbi tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ àbọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àdéhùn Hague ti ọdún 1980 lórí jíjí ọmọ gbé kọjá ẹnubodè kò mọ sórí mímú ọmọ jáde láìgbàṣẹ. Ó tún kan dídá ọmọ dúró sí ìlú kejì láìjẹ́ pé òbí kejì fọwọ́ sí i. Tí ara ìyá àgbà kò bá yá tí ẹ sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ìsinmi yín, ẹ gba ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda náà ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, ì báà jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Kí ìrẹ́pọ̀ tó wà láàárín yín lónìí má sọ pé kò pọn dandan. Ẹni tí òbí kejì ọmọ rẹ̀ ti kú yóò mú ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti fi ọmọ sí ìkáwọ́ rẹ̀ yóò mú ìwé ilé-ẹjọ́.

Ẹ yẹ pásípọ́ọ̀tù ọmọ wò lónìí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ti àgbà ń lo ọdún 10, ti ọmọdé kì í ju ọdún 5 lọ, nítorí náà ó máa ń parí nígbà tí tiyín ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ibodè sì fẹ́ kó ṣì ku oṣù 6 lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé. Bí ọmọ bá lẹ́tọ̀ọ́ sí pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ méjèèjì, ẹ bi ẹ́ḿbásì léèrè bóyá dandan ni kó fi ti ilé wọlé. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í fún ẹni tí wọ́n kà sí ọmọ onílẹ̀ ní físà. Tó bá ní méjèèjì, ẹ kó méjèèjì dání, kí ẹ sì fi wọ́n wéra lẹ́tà sí lẹ́tà. Níbí gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́: ìkan kọ orúkọ mẹ́ta, ìkejì kọ méjì, tíkẹ́ẹ̀tì wá kọ ohun mìíràn. Orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù tí ẹ ó fi hàn wọn nígbà tí ẹ bá ń wọkọ̀ ni kó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Inú báàgì tí ẹ ń gbé lọ́wọ́ ni gbogbo ìwé yìí ń gbé. Ẹ ya fọ́tò wọn sínú fóònù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí bàbá.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin wa yóò pé ọdún 2 nígbà tí a bá wà nílé lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ká gbé e lé ẹsẹ̀ lálọ lábọ̀, pé owó á dín. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Ó tún máa ń ké gan-an tí ọkọ̀ bá ń balẹ̀. — Bàbá ìkókó

Bàbá, àlọ nìkan ni ìmọ̀ràn yẹn bá mu. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ni wọ́n ń gbà kí òbí gbé lé ẹsẹ̀, owó rẹ̀ lórí ìrìnàjò òkèèrè sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 10 nínú 100 owó àgbà. Lọ́jọ́ tó bá pé ọdún 2, dandan ni kó ní ìjókòó tirẹ̀. Tí ẹ kò bá rà á báyìí, ọjọ́ àbọ̀ ni wọn yóò sọ fún yín, ní iye tí ìjókòó bá ń lọ lọ́jọ́ náà, tí ọkọ̀ kò bá tiẹ̀ ti kún. Ẹ ra àlọ bí ọmọ ẹsẹ̀, kí ẹ ra àbọ̀ bí ọmọ tó ní ìjókòó, kí méjèèjì wà lórí ìwé kan náà pẹ̀lú tiyín kí wọ́n má bàa yà yín nípò. Bẹ́ẹ̀dì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ògiri iwájú, ẹ má gbójú lé e: ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ọmọ tó bá ju nǹkan bíi kìlò 10 sí 11 lọ.

Ní ti etí, ihò tóóró kan ló so inú etí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀fun. Tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń le sí i, ti inú etí kò tíì yí padà, awọ etí á wá fà wọnú. Ihò ti ọmọdé tóóró ju ti àgbà lọ, ọ̀fìnkìn sì tún máa ń dí i pa. Gbígbé nǹkan mì ló ń ṣí i. Nítorí náà, láti bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó balẹ̀ ni kí ẹ ti fún un ní ọmú, ìgò tàbí ife, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí táyà yóò fi kan ilẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé òbí á ti fún un ní gbogbo rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra. Tó bá wá kan àtibalẹ̀, ọmọ ti yó tàbí ó ti sùn lọ. Ọmọ tó ń sùn kì í gbé itọ́ mì tó ẹni tó jí. Ẹ jí i. Tí etí bá ń dùn ún tàbí tó ń ṣe ọyún lọ́sẹ̀ ìrìnàjò, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó wọkọ̀.

Ìlédìí kan fún wákàtí 2 sí 3 kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ ṣírò, kẹ́ ẹ fi 4 lé e. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ tiyín náà, torí ara yín ni ọmọ máa bì sí.

ÌBÉÈRÈ: Èmi àti ọkọ mi dàgbà sí ibi tí ibà wà, a kò mu oògùn kankan kí ibà má bàa ṣe wá. Dókítà ní kí ọmọ wa, ọmọ ọdún 3, máa lò ó tí a bá lọ sílé. Àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín pé à ń ṣe bí àlejò. Ṣé a lè fi í sílẹ̀? — Tọkọtaya kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀. Nínú gbogbo lẹ́tà tó dé, èyí ló ká wa lára jù.

Ẹni tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré, tí ibà ti ṣe léraléra, ara rẹ̀ á mọ bí wọ́n ṣe ń bá kòkòrò ibà jà. Kò ní kí ibà má ṣe é, ṣùgbọ́n kì í sábà dá a wó. Agbára yìí máa ń rọ̀ tí èèyàn bá ti kúrò níbi tí ẹ̀fọn ibà ti ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Ọmọ tí ẹ bí, tí ẹ sì tọ́ dàgbà síbi tí kò sí ibà, kò ní in rárá. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ń bá wáyé nítorí ibi tí òbí rẹ̀ ti wá. Níwájú kòkòrò yìí, àlejò pátápátá ni ọmọ yín. Nínú àwọn tó ń kó ibà padà sí àwọn ìlú tí kò ti sí i, àwọn tó lọ kí ẹbí ló pọ̀ jù. Arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń lo oògùn rẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà á, ẹni tó ń lọ sílé kì í bẹ̀rù.

Ìwọ̀n ọmọ ni dókítà fi ń ṣírò oògùn náà, kì í ṣe ọjọ́ orí, nítorí náà kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ tí ẹ bá ń lọ rí i. Èyí tí wọ́n máa ń pè ní atovaquone-proguanil ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 tàbí 2 kí ẹ tó débẹ̀, ojoojúmọ́ ni, títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Ọmọ tó wọ̀n kìlò 11 sí 20 ń lo hóró ọmọdé 1 lójúmọ́. Tó bá ti wà láàárín 21 sí 30, hóró 2. Ó fẹ́ wàrà tàbí oúnjẹ tó lọ́ràá kí ara tó lè gbà á. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ pò ó mọ́ wàrà dídì tó dùn, kí ó má bàa tu ú nù. Tó bá bì láàárín wákàtí kan, ẹ tún un fún un. Mefloquine jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èyí sì rọrùn fún ọmọ tó kórìíra oògùn, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán kí ẹ tó lọ, kó sì máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí gìrì ti mú rí kò gbọ́dọ̀ lò ó. Doxycycline kì í ṣe ti ọmọdé tó kéré báyìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ìparí. Wọ́n á padà dé, wọ́n á ní “ṣebí a ti kúrò níbẹ̀”, wọ́n á ju ìyókù nù. Kòkòrò ibà máa ń kọ́kọ́ fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ kó tó tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọn alẹ́ ọjọ́ tí ẹ kúrò lè ti gbé e wọlé. Ọjọ́ 7 tàbí ọ̀sẹ̀ 4 tó kù yẹn ló ń pa á.

Oògùn nìkan kò tó. Ẹ̀fọn ibà ń jẹ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, nítorí náà ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn apẹ̀fọn dání, kí ẹ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ibùsùn yíká. Nẹ́ẹ̀tì tó gùn kanlẹ̀ lásán, ẹ̀fọn ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, apá ọmọ tó sì sùn tì í lára ni wọ́n máa ń jẹ láti ìta. Ìpara tó ní DEET (èròjà tó ń lé ẹ̀fọn) 20 sí 30 nínú 100 dára fún un. Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà á sí kí ẹ tó fi pa á lára, ẹ má fi kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ torí yóò fi nu ojú. Tí ẹ bá ń lo ìpara oòrùn pẹ̀lú, ti oòrùn ló ń ṣáájú.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ dé ni, pàápàá láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín sì jẹ́ orúkọ ibi tí ẹ ti dé. Dókítà tó ń gbé níbi tí kò sí ibà yóò kà á sí òtútù lásán tí ẹ kò bá sọ ọ́. Ibà tó le lè gbẹ̀mí ọmọdé láàárín ọjọ́ méjì péré.

Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ lọ bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú. Níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ọjọ́ 10 lẹ́yìn gbígbà ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti ọdún 2016 sì ni ó ti ń lo gbogbo ayé ẹni. Ọmọ oṣù 9 sókè ló wà fún. Ti èéyí (measles) ni kẹ́ ẹ má gbàgbé: ìkókó oṣù 6 sí 11 tó ń rìnrìn àjò lè gba ọ̀kan ṣáájú àkókò, wọn kò sì ní kà á mọ́ méjì tí yóò gbà lẹ́yìn ọdún 1. Abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni kí n kó sínú àpò oògùn ọmọ ọdún 4? Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. — Àbúrò wọn

Ó lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú kan náà. Ẹ wo parasẹ́támọ́ọ̀lù olómi. Ìgò kan ní mìlígíráàmù 120 nínú mìlílítà 5, òmíràn ní 160, òmíràn 250, gbogbo wọn sì lè jọra lójú. Òṣùwọ̀n ọmọdé ni mìlígíráàmù 15 fún kìlò kọ̀ọ̀kan, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní wákàtí 24, pẹ̀lú wákàtí 4 sí 6 láàárín. Ọmọ kìlò 16 nílò 240. Nínú ìgò 120, mìlílítà 10 nìyẹn. Tí ẹ bá wá ra ìgò 250 níbẹ̀, tí ọwọ́ yín sì ti mọ mìlílítà 10, 500 lẹ fún un, ó lé ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà ẹ mú ìgò tí ẹ mọ̀ dání pẹ̀lú síríńjì rẹ̀, kí ẹ kọ iye tó ń lò sára ìgò náà. Àǹtí tó bá ń ran yín lọ́wọ́ lóru yóò rí i kà. Ásípírìn, ẹ má fún ọmọdé.

Irú àṣìṣe kan náà wà nínú ORS, ìyẹn àpò iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Àpò kan wà fún lítà omi 1, òmíràn wà fún mìlílítà 200 péré. Ẹni tó bá po èyí tó wà fún lítà kan mọ́ ife omi kan ti po iyọ̀ tó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ẹ ka ara àpò rẹ̀. Omi tí ẹ ti sè kó hó fún ìṣẹ́jú 1, tó ti tutù, ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹ da ìyókù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọdún 4 ń mu mìlílítà 100 sí 200, pẹ̀lú ṣíbí tàbí ife, díẹ̀díẹ̀. Tó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ẹ fi zinc mìlígíráàmù 20 lójúmọ́ tì í fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí kò bá sí ORS rárá: ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, lítà omi 1. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ojú tó jìn wọnú, ẹkún tí kò lómijé, tàbí kó má tọ̀ fún bíi wákàtí 6: ilé ìwòsàn.

Ẹ fi tẹmómítà kún un, bándéèjì díẹ̀, àti oògùn èyíkéyìí tó ń lò tẹ́lẹ̀ nínú páálí tó kọ orúkọ rẹ̀ sí.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ń mú ọmọ-ọmọ mi bọ̀ wá kí mi. Ọmọ ọdún 4 ni, orí fóònù nìkan la ti ń ríra, kò sì gbọ́ èdè wa dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò sá fún mi. — Ìyá àgbà tó ń retí

Màmá, ẹ kú ìretí. Yóò sá fún yín díẹ̀ lóòótọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó dùn yín. Ojú orí fóònù kéré, kò ní òórùn, kò ga. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà tóbi ju ẹni tó mọ̀ lọ.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa pè é ní aago kan náà, ìṣẹ́jú 5 péré, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ má bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Ẹ fi nǹkan hàn án. Ẹ gbé fóònù lọ síbi ibùsùn tí yóò sùn sí, sí ẹnu ọ̀nà, sí ife tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún un. Tó bá dé tó rí ife yẹn, ó ti mọ ohun kan nínú ilé. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó tẹ fọ́tò àwọn tí yóò bá pàdé, ẹni 8 sí 10, kó máa kọ́ ọ ní orúkọ tí yóò máa pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló nílò jù: omi, ebi, mo fẹ́ tọ̀, ó ti tó, ẹ ṣé, ó dùn mí, ìyá mi dà, rárá, ẹ wá, àti bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ jókòó. Àgbà tó jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ bá ti ọmọ dọ́gba. Ẹ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná, kí ẹ ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí ẹ ń ṣe, kí ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rìn wá. Ó lè tó wákàtí kan, ó lè di ọjọ́ kejì. Ọmọ tí wọ́n fipá gbé lé ẹsẹ̀ nígbà tó ń ké yóò máa sá fún ẹsẹ̀ yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ torí ohùn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀rín ẹ̀ẹ̀kan lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu títí wọn yóò fi padà. Ẹ bẹ àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù kí wọ́n pín wíwá wọn sí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin.

Bí aago yín bá yàtọ̀ sí tiwọn, ara rẹ̀ nílò nǹkan bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Yóò jí ní aago mẹ́ta òru, yóò sì fẹ́ sùn nígbà tí àlejò bá dé. Ẹ mú un jáde sínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, kí ẹ má jẹ́ kí oorun ọ̀sán ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Lóru, iná kékeré àti ohùn jẹ́jẹ́, kí eré má bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tó kù, Màmá: oògùn yín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, hóró kan péré lè dá ọmọdé wó, ó sì jọ midinmíìdìn lójú rẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù tó ga, tó ní kọ́kọ́rọ́, ni kó lọ, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí, kì í ṣe inú báàgì tó wà nílẹ̀. Ẹ bo ohun tí omi wà nínú rẹ̀. Omi tó jìn tó ìka ọwọ́ lè gbé ọmọ kékeré lọ. Tí ajá bá wà, ẹ so ó. Bí ó bá gé e jẹ tàbí tó ya á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ojú egbò náà kéré tó.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn àǹtí ọkọ mi ní kí n fi ọmọbìnrin mi sílẹ̀ fún àwọn fún ọ̀sẹ̀ kan tí a bá dé. Mo mọ̀ pé wọ́n ń dá abẹ́ fún ọmọbìnrin nínú ẹbí náà. Ṣé àṣejù ni mò ń ṣe? — Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀

Kì í ṣe àṣejù rárá. Iye obìnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n ti dábẹ́ fún láyé ju 230 mílíọ̀nù lọ gẹ́gẹ́ bí UNICEF ṣe kéde ní ọdún 2024. Kò ní àǹfààní kankan fún ara. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, egbò tó ń kẹ̀, ìrora nígbà ìtọ̀ àti wàhálà nígbà ìbímọ ló ń fà, àwọn ọmọ kan sì ti kú sí i.

Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín ti fohùn ṣọ̀kan kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì jẹ́ ẹnu tirẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún àwọn àǹtí rẹ̀, torí ẹbí rẹ̀ ni wọ́n. Gbólóhùn kan tó: “Ọmọ wa kò ní sùn níbi tí ìyá rẹ̀ kò bá sùn, a kò sì ní dábẹ́ fún un.” Tí ọkọ yín bá ń lọ́ tìkọ̀ láti sọ ọ́, ìyẹn gan-an ni ìdáhùn yín: ẹ má mú ọmọ náà lọ.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, òfin ọdún 2003 lé ẹni tó ṣe é bá, kódà tó bá jẹ́ òkèèrè ló ti ṣe é: ẹ̀wọ̀n ọdún 14, àti ọdún 7 fún òbí tí kò dáàbò bo ọmọ. Ìjọba níbẹ̀ tẹ ìwé kékeré kan tó sọ ọ́, tó ṣe é fi sínú pásípọ́ọ̀tù. Àwọn òbí ń fi hàn ẹbí pé ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí rẹ̀, ó sì máa ń gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ìyàwó. Láti ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ lè pàṣẹ àbò fún ọmọ kan pàtó, kó tiẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè mú un jáde. Ẹ bi dókítà tàbí ilé-ìwé ọmọ yín léèrè ohun tó wà níbi tí ẹ ń gbé.

Tí ẹ bá lọ, ọwọ́ yín ni pásípọ́ọ̀tù méjèèjì ń wà, kì í ṣe inú àpótí ẹlòmíràn. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ḿbásì sínú fóònù. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, pé kò sí àgbà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí ẹ̀yin bá ń wẹ̀ ẹ́ tàbí tí dókítà bá ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín, àti pé “má sọ fún ìyá rẹ” ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ sáré wá sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ máa sọ ọ́ fún un níbi ìwẹ̀, lálaalẹ́, títí yóò fi lè dá a sọ fún yín padà.